Mọ́tò Tí Delbert Sizemore Bò Mọ́lẹ̀ Sínú Koríko

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Delbert fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ó ní ọ̀nà kan nìyẹn tí òun lè gbà dúpẹ́.

1.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni Delbert Sizemore fi wa èédú lábẹ́ òkè ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ dé ẹnu géètì, wọ́n bá àgádágodo lára rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Oṣù mẹ́wàá kọjá, kò rí òmíràn. Gbèsè ilé ìwòsàn tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Oleta, ìyàwó rẹ̀, wá ga jù wọ́n lọ. Ọ̀nà kan ló kù: kó lọ sílé ẹjọ́, kó jẹ́wọ́ pé apá òun ò ká gbèsè náà mọ́, kí òfin lè tú òun sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ní tó ṣeé tọ́ka sí ni mọ́tò búlúù kan, ọlọ́dún mẹ́rìnlá, tó ti san owó rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Delbert kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì í. Dípò kó bi ẹni tó mọ òfin, ọ̀rọ̀ ilé epo ló gbà gbọ́. Hobart, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń mu kọfí níbẹ̀, ló sọ ọ́ fún un.

"Del, ilé ẹjọ́ á gba mọ́tò yẹn o! Àní wọ́n á gbà á bí ẹni gba egungun lẹ́nu ajá."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"Gbé e wá sínú abà mi. Bí wọ́n bá béèrè, mọ́tò wo? Ta ló rí mọ́tò?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

2.
Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n gbé e lọ, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kó koríko gbígbẹ bò ó títí kò fi hàn mọ́.

"Delbert, irọ́ nìyẹn," Oleta wí.

"Kì í ṣe irọ́. Mi ò kàn ní sọ ọ́ ni."

"Ìwé ohun ìní tí o máa fọwọ́ sí fún ilé ẹjọ́ ńkọ́? Òun náà ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

Delbert fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò tó ń bá àwọn aláìní ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, Mísì Renfro, bi í bóyá ó ní mọ́tò. Ó ní, "Rárá, mà."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù dún. Ọ̀gá ilé ìlagi kan ni, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú nínú mọ́tò sí ilé wọn.

"Wọ́n ní akínkanjú ni ọ́. Ọjọ́ Ajé ni kí o bẹ̀rẹ̀. O ní mọ́tò, àbí?"

Delbert rántí mọ́tò tó wà lábẹ́ koríko. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé á rí i tó ń wà á. Ó ní, "Rárá, sà."

"Áà, ó mà ṣe o. Bọ́ọ̀sì kì í dé ibí."

Oleta ń se ẹ̀wà lórí iná. Ó pa iná náà, ó jókòó.

"Iṣẹ́ tí a fi oṣù mẹ́wàá gbàdúrà fún," ó ní, "ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ lé e lọ."

3.
Lọ́jọ́ tí Delbert máa búra nílé ẹjọ́, Mísì Renfro dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Sizemore, orúkọ yín ṣì wà lára ìwé mọ́tò búlúù kan. Ẹ sọ fún mi nísinsìnyí. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ búra tán, mi ò ní lè gbà yín sílẹ̀."

Omi lé ròrò lójú ọkùnrin náà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gba mọ́tò yẹn? Ó ti gbó. Irú rẹ̀ wà lára ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún yín. Ká ní ẹ bi mí ni!"

Ẹ wò ó! Ohun tí kò sẹ́ni tó ń lé ló ń gbé sá.

Mísì Renfro tún ìwé náà kọ, ó sì bá a ṣàlàyé fún àwọn tó wà nínú ilé ẹjọ́. Wọ́n bá Delbert wí, wọ́n sì dárí jì í.

4.
Delbert àti Oleta sáré lọ sí abà Hobart. Delbert yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò náà ò dún rárá. Ó ṣí iwájú mọ́tò: àwọn eku ti jẹ gbogbo wáyà inú rẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Mẹkáníìkì ní owó àtúnṣe ju owó mọ́tò lọ. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló wá wọ́ ọ lọ. Hobart ò lè gbójú sókè.

Síbẹ̀, Delbert ń dúpẹ́. Òfin tú u sílẹ̀ nínú gbèsè náà. Aládùúgbò rẹ̀, bàbá àgbà Verlin Stamper tó ti fìgbà kan rí wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ìwé, wọ́n sì gba Delbert síbi iṣẹ́ ìtọ́jú ilẹ̀. Àràárọ̀ ni bàbá náà ń fi mọ́tò tirẹ̀ gbé e lọ. Bí Delbert bá ti fẹ́ dúpẹ́, á ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ, tilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé."

"Ọlọ́run ló fi obìnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn," Delbert sọ fún mi. "Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Oleta ì bá ti máa wá wò mí."

Ìwọ tó ń ka èyí, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí gbèsè ká ọ mọ́lé: má fi ohun ìní rẹ pamọ́, má fi sórúkọ ẹbí, má fọwọ́ sí irọ́. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì. Lọ bi agbẹjọ́rò, kí o sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Má jẹ́ kí ìtìjú ọjọ́ kan gba oúnjẹ ọdún púpọ̀ lẹ́nu rẹ. Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.