Ọ̀gá Ilé Ìlagi Tẹ́nì Kan Ò Gbọdọ̀ Sọ Ìṣòro Fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́, bó jẹ́ ẹyọ kan péré, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ó ti yé yín. Kò sí ìlú tẹ́sẹ̀ mi ò tẹ̀ láti Tube dé Afọ̀n, mo sì ti bá oríṣiríṣi ọ̀gá jẹun, mi ò rí irú èyí rí.

1.
Bàrúwà ló ni ilé ìlagi kan lẹ́yìn Ayétòrò. Ọkùnrin gìrìpá ni, ohùn ẹ̀ a máa borí ariwo ẹ́ńjìnnì. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé, Husain, òun ló ń darí ẹ̀rọ tó ń la igi. Nígbà tí màmá wọn, Mẹ̀dínátù, ń kú lọ, ó fi ọwọ́ Husain lé Bàrúwà lọ́wọ́. Ó ní, "Bàrúwà, tí nǹkan bá ṣe é, èmi àtìẹ á jọ pàdé lọ́run." Bàrúwà sunkún, ó búra. Ó fẹ́ràn Husain dénú. Kòbókò tó ń gbé kọ́ èjìká ló fẹ́ràn ṣìkejì.

2.
Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọdẹ àtàwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ifọ̀nyìntẹ̀dó, tí wọ́n bá dé oko, ara igi ni wọ́n ń kan ìṣó mọ́ kí wọ́n lè rí ibi gbé àpò kọ́. Igi á dàgbà, èèpo á bo ìṣó, ojú ò ní rí i mọ́. Tí ayùn ẹ̀rọ bá wá pàdé ìṣó yẹn nínú gẹdú, ayùn á já. Ayùn tó bá já ò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀yìn àdá kan gẹdú látòkè délẹ̀ kó tó gorí ẹ̀rọ, tí wọ́n á dẹtí sí i bóyá irin á dún nínú ẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Ògúnníyì nìyẹn, arúgbó olórí funfun.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá kan gẹdú kan, ó mi orí. "Bàrúwà, irin wà nínú eléyìí. Ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Orí yín ni irin wà! Kọ́sítọ́mà ń dúró, ẹ̀ ń lu igi bí ẹni tó rí eégún!"

"Ọmọ mi, etí mi ò..."

Fáà! Ìgbátí ti balẹ̀. Bàbá ṣubú sórí ìyẹ̀fun pákó, eyín kan bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Husain nìkan ló fọhùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó tó bí bàbá wa!"

"Ìwọ náà fẹ́ gba tìẹ? Tan ẹ̀rọ!"

Wọ́n la gẹdú náà. Ayùn kọjá geere, kò kan irin kankan. Bàrúwà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá di eyín ẹ̀ mọ́ etí aṣọ, ó lọ sílé, kò padà mọ́. Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ tí ìwà burúkú bá já sí rere fúnni, ọjọ́ yẹn ló yẹ kẹ́rù bani jù.

3.
Ọmọọṣẹ́ kan, Ìdírísù, ló gba iṣẹ́ Bàbá. Kò tíì pé oṣù kan tó sáré wá: "Ọ̀gá, ayùn ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká pa ẹ́ńjìnnì."

"Ìwọ lo ra ẹ́ńjìnnì fún mi?"

Kòbókò mẹ́rìnlá. Ẹ̀jẹ̀ lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn, omi gbígbóná nìyàwó ẹ̀ fi ṣí i kúrò. Husain ló rọra pààrọ̀ ayùn yẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ kírun.

Látọjọ́ náà, tí Bàrúwà bá ti ké pé, "Ìṣòro wà?", gbogbo wọn á ní, "Kò sí, ọ̀gá!" Inú ẹ̀ dùn. Ó ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ wá kọ́ṣẹ́ ọ̀gá lọ́dọ̀ mi. Oṣù méjì, ẹnì kan ò kó wàhálà wá bá mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wàhálà ò tán o. Ẹnu ló tán.

4.
Àárọ̀ Alámísì ni. Lọ́rì tó wá kó pákó láti Ìlaròó ń fọn fèrè. Wọ́n yí gẹdú àfàrà ńlá kan wá. Ìdírísù gbé àdá. Gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀... kìn-ín! Ó dúró. Ó tún ibẹ̀ kàn. Kìn-ín! Ó gbójú sókè wo Bàrúwà.

Bàrúwà ń fi kòbókò gbá itan ara ẹ̀. "Kí lò ń wò bí ewúrẹ́? Ó dáa àbí kò dáa?"

Ìdírísù la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ó dáa, ọ̀gá."

Husain tan ẹ̀rọ. Ayùn wọ igi, ó ń kọrin lọ, àfi gbàà! Ayùn já, ó fò jáde bí ejò, ó ge Husain láàárín ọrùn àti èjìká. Ẹ̀jẹ̀ ta dé páànù òrùlé. Bàrúwà fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka ẹ̀ jáde.

"Husain! Wò mí! Wojú mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú mi."

Kí wọ́n tó gbé e dé ìdí lọ́rì, ó ti kú.

5.
Bàrúwà dìde. Ó gbé àdá nílẹ̀, ó fún Ìdírísù lọ́rùn.

"O gbọ́ irin yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ, ọ̀gá."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Ìdírísù ò bẹ̀bẹ̀. Ó já ara ẹ̀ gbà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó kọ ẹ̀yìn tó kún fún àpá kòbókò sí i. "Mo ti sọ̀kan fún yín rí. Ibi tẹ́ ẹ kọ èsì sí rèé."

Bàrúwà ṣá a léjìká. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tú, bẹ́ẹ̀ lẹ̀rù kúrò lára àwọn tó kù. Wọ́n fa pákó yọ, wọ́n lu Bàrúwà, wọ́n lù ú títí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ fi ṣẹ́ yánkan-yànkan. Ọlọ́pàá ló gbà á kalẹ̀. Ọlọ́run yọ Ìdírísù, kò kú, ṣùgbọ́n apá tí Bàrúwà ṣá yẹn ò gbé àdá mọ́.

Wọ́n sin Husain lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, ó ń bi ọlọ́pàá léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wẹ̀ ẹ́? Ṣé wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀yin ọ̀gá, ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá, ẹ má nà án, ẹ má bú u. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ yín dúró, ẹ kọ́kọ́ dá a dúró ná, kẹ́ ẹ tó bi í nídìí. Tó bá jẹ́ "kò síṣòro" nìkan lẹ̀ ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ tètè wá ẹni tẹ́ ẹ ti pa lẹ́nu mọ́, kẹ́ ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń pe ara ẹ̀ lọ́gàá.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tó gba fèrè lẹ́nu ọdẹ, tó fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ta ni yóò wá pè é padà sílé?