Ẹni Tó Ń Kágò Nínú Ihò USB-C

Dírafà ló máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé nǹkan ti wọ ihò USB-C rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ ti kọ̀ǹpútà Alàgbà Ọ̀jẹ́wùmí, oníbàárà mi, tí mo fi tuntun sí i. Síbẹ̀ ó ń dún "tín-ín", bẹ́ẹ̀ ihò náà ṣófo. Inú ti ń bí mi.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn tílẹ̀ bá ti ṣú," Alàgbà wí. "Bí àlejò tó ń kágò."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àgò yà. Ẹ wọlé."

Ìró náà dákẹ́. Alàgbà rọra dìde. "Fadérera, èmi ò dá a lóhùn rí."

Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná láìsí okùn kankan. Lẹ́yìn wa, àga tẹ́nikẹ́ni ò lò látàárọ̀ dún kẹẹ, bí ìgbà téèyàn bá fara balẹ̀ jókòó.