Kí Ló Sún Tíṣà Dàmọ́lá Dé Ìdí Àdó Olóró?

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa fóònù tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí inú ń bí nínú ilé yín. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì rú mi lójú.

1.

Ní àdúgbò wa ní Ọ̀fà, kò sẹ́ni tí kò mọ Tíṣà Ayọ̀dàmọ́lá Adétóyè. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Bí òjò bá ká ọmọ ilé ìwé mọ́nà, abẹ́ agbòjò Tíṣà ló ń sá sí. Evelyn ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Daddy Táíyé, ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa adìyẹ Kérésì!"

Kabir káfíńtà ni aládùúgbò rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì. Àràárọ̀ ló ń kí i: "Tíṣà, ẹ kú òwúrọ̀ o. Ẹ wo ọ̀nà dáadáa o, àwọn ọlọ́kadà yìí ò ní bíréèkì!"

2.

Ìjọba fẹ́ fẹ títì yẹn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ṣọ́ọ̀bù Kabir, wọ́n sàmì sí iwájú ilé Tíṣà náà, níbi tí sàárè bàbá rẹ̀ wà. Tíṣà lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ hú bàbá wa, ká lọ sin wọ́n síbòmíì."

"A ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Lọ́jọ́ kejì ni katapílà dé. Kí Tíṣà tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti kó sàárè náà pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, ọkọ̀ tìpà sì ti gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó dà á sí.

Ó dùn wá fún un. Ta ni kò ní dùn? Kabir, tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ náà, lọ bá a. "Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pawọ́ pọ̀ gba lọ́yà."

Tíṣà ní, "Kabir, ìwọ ò ní bàbá nínú yẹ̀pẹ̀ yẹn."

3.

Látìgbà yẹn ni Tíṣà kò ti gbé fóònù sílẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kan wà lórí WhatsApp, níbi tí ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jagunlabí ti ń fi ohùn ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí. Ó ní ìjọba kò gbọ́ èdè kankan àfi èdè iná. Ó fi Tíṣà jẹ Balógun. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n fò dá, tí wọ́n fi ẹlòmíì ṣe ọ̀gá ilé ìwé, òun ló wá di Balógun lórí fóònù.

"Daddy Táíyé, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nínú bálùwẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Evelyn kò bi í mọ́.

4.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yanṣẹ́ lódì. Tíṣà rò pé ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ títì yẹn ti ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yìn wọlé tòun ti báàgì kan, ó jáde láìgbé báàgì. Bó ṣe rí ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìgbà tó yá ni ilẹ̀ mì. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ dé Ẹ̀rìn-Ilé.

Èrò rọ́ débẹ̀, Tíṣà sì dúró láàárín wọn bí ẹni tó wá wòran. Ni wọ́n bá gbé ọkùnrin kan jáde, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Kabir ni. Látìgbà tí kò ti ní ṣọ́ọ̀bù, ibi tó bá ti ríṣẹ́ ló ń lọ. Wọ́n ní kó wá tún ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà ṣe nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ò sí níbẹ̀.

Tíṣà gbá orí mú. "Kabir kẹ̀? Ìwọ kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀! Kò yẹ kéèyàn kankan wà níbẹ̀!"

Ọlọ́pàá kan yíjú sí i. "Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Kabir kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

5.

Kí ló fà á? Àwa aládùúgbò ní sàárè bàbá rẹ̀ ni. Ọlọ́pàá ní rárá o, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Jagunlabí kí katapílà tó dé. Evelyn ní ipò ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n fi dù ú ló bà á nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n fi ipò dù tí kò gbé àdó olóró? Ṣebí wọ́n wó ti Kabir náà.

Tíṣà fúnra rẹ̀ kò sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé nítorí bàbá òun ni. Ó sọ fún pásítọ̀ pé Jagunlabí ló tan òun. Jagunlabí ọ̀hún ti pa ẹgbẹ́ náà rẹ́, ó ti pòórá. Nígbà tí Evelyn lọ wò ó lẹ́wọ̀n, Tíṣà sọ fún un pé, "Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù mi lẹ́ẹ̀kan."

Lọ́jọ́ tí adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n gbére, Fatimah, ìyàwó Kabir, dìde.

"Tíṣà, kí n lè rí nǹkan sọ fáwọn ọmọ mi: kí ni Kabir ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kí ló wá dé?"

Tíṣà ní, "Fatimah, mo ti ń wá ìdáhùn yẹn. Mi ò rí i."

Fatimah fà gèlè rẹ̀ bojú, ó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ìjọba lè ṣẹ̀ yín o, ó sì ń ṣẹ̀ wá. Ẹ wí i síta, ẹ gba kóòtù lọ, ẹ bá ará ilé yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú yín lé ẹni tí ẹ ò mọ ojú rẹ̀ lọ́wọ́, kó wá máa bá yín fẹ́ iná sí i. Ẹ̀yin ìyàwó àti ọ̀rẹ́, bí wọ́n bá ní "kò kàn yín," ẹ tún bi wọ́n. Àdó olóró kò mọ ìjọba yàtọ̀ sí káfíńtà.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.