Ewé Tí Alassane Gbé Kúrò Lórí Ọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé bàtà èèyàn pamọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Mo mọ̀ yín, nítorí èmi náà ti gbé e rí.

1.

Ní ayé ìjọba Faransé, àwọn ará ilé kan wà ní Manigri tí wọ́n máa ń rìn yí àwọn òkè ẹfun po lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti wọlé. Wọ́n á jáde láàárọ̀, wọ́n á dé ahoro mẹ́ta tí àwọn baba wọn sá sí nígbà ogun, wọ́n á ṣe àdúà níbi sàréè, wọ́n á sì gba ẹ̀yìn òkè padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Ìrìn náà kò le jù. Àtọmọdé àtàgbà ló ń lọ.

Òkúta ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò gba ipasẹ̀. Nítorí náà, ẹnì kan á ṣáájú. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, á fi dábùú ọ̀nà tí kò dára. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rí ewé, á gba ọ̀nà kejì. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ewé náà.

Lọ́dún yẹn, Alassane ni wọ́n yàn láti máa fi ewé lélẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

2.

Shehu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá láti Bassila láti bá wọn rìn. Kò dé òkè náà rí. Nítorí ìyá àgbà Alassane ló ṣe wá. Sakinatou ni orúkọ ìyá náà, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Sàréè ìyá tó bí i wà ní ahoro kẹta. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé òun fẹ́ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Shehu ní òun á ran ìyá lọ́wọ́ débẹ̀.

Ní ahoro àkọ́kọ́, Alassane yọ̀ lórí òkúta, ó fìdí jókòó níwájú àwọn ọmọbìnrin.

Shehu ní, “Ẹ wo ewúrẹ́ òkè. Ó gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílé.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alassane náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò dénú.

3.

Nígbà tí wọ́n kúrò ní ahoro kejì, Shehu padà lọ pọn omi lódò. Alassane rí i. Ó dé oríta tó kàn, ó fi ewé dí ọ̀nà ọ̀tún, ó wá ní ẹ̀gún gún òun, kí àwọn yòókù máa lọ. Bí ẹni ìkẹyìn ti kọjá, ó gbé ewé náà, ó fi dí ọ̀nà òsì tí gbogbo ayé gbà lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Ó mọ̀ pé kòtò wà lọ́nà ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti fi tipátipá mú àwọn èèyàn wa ẹfun tí wọ́n fi kun ilé àwọn òyìnbó. Ó ní Shehu kì í ṣe afọ́jú, á rí i, á padà, á fi ìtìjú dé. Kò rántí pé koríko ti bo ẹnu kòtò náà.

4.

Wọ́n dé ahoro kẹta. Àwọn obìnrin béèrè Ìyá Sakinatou. Ẹnì kan ní ó dúró kírun lẹ́bàá odò, pé Shehu ń dúró dè é.

Alassane ti rò pé ìyá àgbà òun wà lára àwọn tó kọjá ní oríta.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìgbà yẹn ni ì bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Baba Mamoudou, olórí ilé wọn, ti bẹ̀rẹ̀ àdúà. Alassane rò ó pé bí òun bá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ìdílé, wọn ò ní í yan òun mọ́. Ó ní kí àdúà parí ná. Àdúà náà sì gùn.

5.

Nígbà tí àdúà parí, wọ́n padà lọ wá wọn, wọ́n sì bá Ìyá Sakinatou létí kòtò. Ó ti tú gèlè rẹ̀, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀, kò tó. Ó ṣì dì í mú. Shehu wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ lórí òkúta.

Ìyá ní, “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń bi mí bóyá ẹ ti ń padà bọ̀.”

Baba Mamoudou bọ́ sínú kòtò. Ó fi ọwọ́ pa ojú Shehu dé.

Alassane wólẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ kò bú u. Ó ní, “Shehu ní ọ̀nà náà kò jọ ọ̀nà, ó ní ká padà. Èmi ni mo sọ fún un pé láti kékeré mi, ewé kò purọ́ fún wa rí.”

Ìyá kò dé sàréè ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á gbé e lọ lọ́jọ́ mìíràn, ó ní rárá. Kí iṣu mìíràn tó ta, ó ti kú.

6.

Alassane kò bá wọn rìn yí òkè po mọ́. Lọ́dọọdún, ó ń ru iṣu láti Manigri lọ sí Bassila fún Awaou, ìyá Shehu. Á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ kú ilé, Màmá.” Awaou ń gba iṣu. Títí ó fi darúgbó, kò dáhùn kíkí náà rí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣeré, eré dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé kó tó gbé ẹsẹ̀, ẹ má fi í ṣeré. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè sọ, ìtìjú kì í pa èèyàn bíi kòtò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.