Ọwọ́ Ògúnjìmí

Ní gbogbo Ìsọlọ̀, tí dífù ọkọ̀ bá ti ń ké, ọ̀dọ̀ Ògúnjìmí ni wọ́n ń júwe. Dífù ni irin ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Ògúnjìmí a tú u, a pààrọ̀ béárìn inú rẹ̀, a tò ó padà. Ọkọ̀ tó bá ti tún ṣe kì í padà wá. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ rere ni yóò fi ebi pa á.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣe ń dì í, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fún páìpù kékeré kan mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní sípésà, tó wà láàárín béárìn méjì. Bí ó bá dẹ̀, dífù yóò ké. Bí ó bá le jù, béárìn yóò jó. Ẹni tó bá sì ti dì í kọjá ibi tó yẹ kò gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́ padà. Ṣe ni yóò ju sípésà yẹn nù, tí yóò fi tuntun sí i. Àwọn kan ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ ni Ògúnjìmí ń lò ní tirẹ̀: yóò dì í díẹ̀, yóò fọwọ́ yí i, yóò tún dì í díẹ̀, títí ọwọ́ yóò fi sọ fún un pé ó tó.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò tó kọjá, ọwọ́ kò sọ nǹkan kan fún un mọ́. Àtọ̀gbẹ ti pa ìka rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù láràárọ̀. Òun nìkan ló sì sọ ọ́ fún. Ó ń dì í, ó ń yí i, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ nǹkan, ojú sì ń tì í fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, ọkọ̀ kankan kò padà wá. Ó wá gbà pé ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀.

Roqeebah ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ Ògúnjìmí ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù, kò sì lọ. Abilékọ ni, Òkè-Àfà ló ń gbé. Òun ló ń lọ ra sípésà, méjì ló sì máa ń rà fún ọkọ̀ kan; ó ní ayédèrú ti pọ̀ jù lọ́jà. Bí oníbàárà bá wá gba ọkọ̀, òun ló ń sìn ín dé ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ni yóò tọrọ àyè pé òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun nílé. Àwọn oníbàárà náà, títí kan àwọn ará Ire-Akari tí ilé wọn kò jìnnà, ọ̀nà Òkè-Àfà ni wọ́n máa ń gbà. Ògúnjìmí rò pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà jíjìn dán ọkọ̀ wò ni.

Lọ́jọ́ kan tí Roqeebah lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìwó, Àjíbíkẹ́ wá gba ọkọ̀ tó fi ń kó omi inú ọ̀rá káàkiri Àjàó Estate. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ló padà dé. Roqeebah náà ti dé nígbà yẹn. Láti ojú títì ni wọ́n ti ń gbọ́ igbe dífù náà.

"Ẹ fetí sí i, Bàbá," Àjíbíkẹ́ wí. "Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń yìn yín sí nìyí? Omi àwọn èèyàn wà lẹ́yìn, mi ò lè gbé e débì kankan."

Ògúnjìmí mọ ẹni tó di nọ́ọ̀tì náà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Roqeebah ló dì í," ó ní.

Roqeebah wo àpò náà. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀bi mi ni."

"Tí eléyìí bá tún fọwọ́ kan ọkọ̀ mi, mi ò ní débí mọ́," Àjíbíkẹ́ wí.

Ògúnjìmí ní kí Roqeebah kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó kó o. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó sì lọ.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín tí Ògúnjìmí ń sá fún, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ló gbé e kọ́. Òun nìkan ló to àwọn ọkọ̀ tó kù lọ́sẹ̀ náà, àwọn oníbàárà sì gbé wọn lọ láìsọ nǹkan kan. Ó pinnu pé òun yóò lọ bá Roqeebah nílé, òun yóò na ọwọ́ méjèèjì sí i, òun yóò sì jẹ́wọ́ pé ìka òun ti kú, pé òun puró mọ́ ọn. Bí ó bá lè bá òun pa á mọ́, orúkọ òun yóò ṣì dúró ní Ìsọlọ̀.

Adéyanjú, tíṣà kan ní Ire-Akari tó ti jẹ́ oníbàárà wọn tipẹ́, ló wá gba bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Tíṣà, ẹ gbé mi dé Òkè-Àfà," Ògúnjìmí wí. "Mo fẹ́ lọ bẹ Roqeebah."

Adéyanjú wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá kẹ̀kẹ́ dúró, Bàbá. Ilé ni mò ń lọ ní tèmi."

"Ṣebí ọ̀nà ibẹ̀ lẹ máa ń gbà."

Adéyanjú yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí wọ́n ṣe ń lọ, nǹkan kan ń ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, Adéyanjú sì yí rédíò sókè. Ògúnjìmí kò dé ilé Roqeebah rí; àdírẹ́sì ló ń wá nínú fóònù rẹ̀. Kò tíì rí i tí Adéyanjú fi yà sí àdúgbò kékeré kan, ó tún yà sọ́tùn-ún, ó sì dúró.

Níwájú ilé náà, gbogbo ọkọ̀ yòókù tí Ògúnjìmí tò lọ́sẹ̀ yẹn wà lórí jáàkì, wọ́n ti tú dífù wọn sílẹ̀, Roqeebah sì wà lábẹ́ èyí tó ṣáájú, ó ń fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, ó sì wí láìgbé orí sókè pé: "Ẹ páàkì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ Bàbá náà ni gbogbo èyí tó wà níwájú yín, bí mo bá ti tún nọ́ọ̀tì wọn dì tán, tiyín ló kàn bí a ṣe máa ń ṣe é, ẹ ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá gbọ́."