Àtòjọ Àárọ̀ Tí Adéróunmú Ń Fi Dáhùn Lọ́sàn-án

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sáré fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà tàn pàápàá máa rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ forí jì mí.

1.
Adéróunmú ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn, òun àti Ràṣídátù ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ sì pé, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ òun falẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jẹ́ríkò ní kó ṣe ètò tí wọ́ọ̀dù, ilé oògùn àti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì yéé gbé ìwé kiri. Kò le láti yé èèyàn. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ètò kan jókòó sínú kọ̀ǹpútà, ó ń retí iṣẹ́. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Láíbúrárì kan, ìyẹn irinṣẹ́ tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Kéèyàn tó ránṣẹ́, ó lè bi láíbúrárì yìí pé: àwọn sáfà wo ló wà níkàlẹ̀ báyìí? Á sì ka orúkọ àwọn tó bá dáhùn fún un.

Kí ló le níbẹ̀? Tá a bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, ṣebí a máa ń kí wọn, a sì máa ń dúró kí wọ́n dáhùn ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

2.
Níbẹ̀rẹ̀, Adéróunmú kọ ọ́ dáadáa. Nígbàkígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ránṣẹ́, ètò á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wà. Ìbéèrè náà lè gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ni alákòóso ilé ìwòsàn bá ń ráhùn pé ó ń falẹ̀. Èèyàn tó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Challenge fún odindi wákàtí láìwí nǹkan kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin wá di ọ̀ràn sí i lára.

Adéróunmú gbé e sọ́kàn. Ó yí kóòdù padà: àárọ̀ nìkan, tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ni ètò á béèrè. Á tọ́jú àtòjọ náà, á sì máa fi dáhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó tún fi àmì aláwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Wọ́n wà níbẹ̀."

Ràṣídátù rí i, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ní bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn yìí, ẹni tó wà láàárọ̀ lè má sí mọ́ lọ́sàn-án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa béèrè. Kó kúkú falẹ̀ díẹ̀."

"Ràṣí, wọn ò ní ká máa béèrè nǹkan tá a ti mọ̀."

Ó tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Adéróunmú ní tó bá dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀, kó ṣe é bó ṣe wù ú. Ọmọbìnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

3.
Oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n ń yìn ín. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, iná lọ ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù ní bátìrì, kò kú. Ti yàrá àyẹ̀wò kú. Wọ́n tan án padà, ṣùgbọ́n sáfà inú rẹ̀ kò jí. Theophilus tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò mọ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ni kò wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọmọ́fẹ́, ìyàwó Mánsúrù tó ń wa ọkọ̀ èrò ní Challenge, bí àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Dókítà ní kí wọ́n tètè gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì Nùsírátù tẹ iṣẹ́ náà sí yàrá àyẹ̀wò. Àmì ewé wà níbẹ̀ rekete: wọ́n wà níbẹ̀. Ó yíjú sí aláìsàn. Nígbà tó yá, ó tún wò ó, ewé ṣì ni. Ó tún fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò fẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé kó yéé rìn, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ra ètò náà nìyẹn! Ó tó ìdajì wákàtí kó tó sáré dé ọ̀dọ̀ Theophilus.

"Nọ́ọ̀sì, kò sí nǹkan kan tó dé ọ̀dọ̀ mi látìgbà tíná ti lọ."

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti Ọmọ́fẹ́ mu wà nínú fíríìjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e dé, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, wọ́n ní láti yọ ilé-ọmọ rẹ̀ kó tó lè yè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

4.
Ilé ìwòsàn lé Adéróunmú. Àwọn oníbàárà yòókù gbọ́, wọ́n sá. Ràṣídátù náà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló jẹ́ kó pa kọ̀ǹpútà tì títí dòní.

Lọ́sẹ̀ kejì, Mánsúrù wá sí Bódìjà. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n fi nǹkan aláwọ̀ ewé tí nọ́ọ̀sì sọ fún òun han òun. Adéróunmú tan ẹ̀dà ètò náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá pa sáfà yàrá àyẹ̀wò lójú rẹ̀. Àmì náà kò yẹ̀.

"Ẹ ti pa á?"

"Mo ti pa á."

"Ó sì ní wọ́n wà níbẹ̀. Ta ló bi kó tó sọ bẹ́ẹ̀?"

Adéróunmú ní kò bi ẹnikẹ́ni.

Mánsúrù dìde. "Ìyàwó mi ti ń wá orúkọ tá a máa sọ ọmọ kejì. Mi ò tíì lè sọ fún un pé kò ní sí ọmọ kejì."

Ó jáde lọ. Kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́.

Ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ètò, ẹ má fi ìdáhùn àárọ̀ dá ẹni tó ń béèrè lọ́sàn-án lóhùn. Ẹ tún béèrè. Bó bá falẹ̀, kó falẹ̀. Tẹ́nì kan ò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé kò sí níbẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí là lè tètè fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń pariwo "ẹ ṣe kíá" sí wọn létí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó kà á. Ẹ má kàn gbà pé ó ti kà á.