Bọ́tìnì Tó Ka Alààyè Mọ́ Òkú

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ.

1.
Rẹ̀mí ni akọ̀wé ìjọ Aládùúrà kan ní Sabon Gari, Kánò. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Excel ló fi ń tọ́jú orúkọ: ojú-ìwé kan fún àwọn aláìsàn, òmíràn fún àwọn olóògbé. Inú Word ló ti ń kọ ìwé ìsìn. Ó wá ṣe bọ́tìnì kan sínú Word: bó bá ti tẹ̀ ẹ́, mákírò, ìyẹn àṣẹ kékeré tó kọ sínú Excel, á kó orúkọ wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ojú-ìwé tó bá ṣí sílẹ̀ nínú Excel ni mákírò yẹn ń kó o. Kò mọ òkú, kò mọ alààyè.

2.
Lọ́jọ́ Sátidé, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, Olúdélé, mọ́ àwọn aláìsàn tí ìjọ máa gbàdúrà fún. Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá ní ọsibítù kan ní àdúgbò Nassarawa, ní Kánò níbẹ̀. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ń bà á gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Rẹ̀mí fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Ó fi ojú-ìwé aláìsàn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó bọ́ sínú Word, ó tẹ bọ́tìnì fún ìwé ìrántí olóògbé.

Ìyá Matilda, àgbà ìjọ, ní, "Rẹ̀mí, jẹ́ ká kà á wò ná."

"Haba, Màmá! Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe bíi tèèyàn."

Ó ti ki ìwé náà bọ fáìlì.

3.
Wòlíì George ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jos dé ni, kò tíì mọ ọmọ ìjọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ó gbé ìwé, ó ń kà: "Àwọn tó ti sùn nínú Olúwa: Olúdélé Akínbọ̀dé..."

Kai! Rẹ̀mí fò dìde. Bàbá jókòó ní ìlà kejì, ó gbọ́ ọ ketekete. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ta òróró sí i lórí, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

4.
Àárọ̀ Mọ́ńdè, kẹ̀kẹ́ ti ń dúró níta.

"Bàbá, ẹ dákun, dókítà ń retí yín."

"Ìjọ mi ti sin mí lójú ara mi. N kò lọ."

"Bàbá, èmi ni! Ọwọ́ mi ló ṣe é!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn."

Dókítà ti ní kí iṣẹ́ abẹ náà má kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ti pé oṣù méjì báyìí, bàbá ò tíì lọ. Ilẹ̀ tó bá mọ́, Rẹ̀mí á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá, á máa tẹ́tí bóyá ó ń mí.

Ìwọ tó ò ń kà á, wo ojú-ìwé tó ṣí kó o tó tẹ bọ́tìnì. Ka ohun tó bá kó wá, orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí àgbà bá sì ní kẹ́ ẹ jọ kà á, má ṣe fojú di í. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.